Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Lọ Gba Oorun Rẹ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Ayé

Ìwọ tí o ń yán níbẹ̀ yẹn, pa ẹnu rẹ dé kí eṣinṣin má baà kó sí ọ lọ́fun. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi í rẹ́rìn-ín náà, ojú tiyín ò funfun jù tirẹ̀ lọ. Oòrùn ò tíì wọ̀, ẹ ti ń tòògbé lórí ìjókòó pẹ̀lú obì lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú tán ẹ ó máa ké kiri pé ẹ ò rí oorun sùn. Ọ̀la ni ọdún Ògún. Ẹ kó ara yín jọ síwájú mi pé kí èmi àgbà ọdẹ sọ ìtàn tí yóò mú ọkàn yín le. Ó dáa, n ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má hanrun lé ọ̀rọ̀ mi lórí. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti bú ẹfọ̀n rí, ojú sì ti ẹfọ̀n náà, ó wọgbó lọ.

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́rìndé ọmọ Akínlàbí ni mo fẹ́ sọ, ọdẹ kan ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, ìlú tí wọ́n ti bí mi. Èyí tí mi ò fojú ara mi rí nínú rẹ̀, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ọdẹ gidi ni, kò sí ẹranko tó ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé, kí ẹnì kan má lọ rò pé akọni nìkan ni mò ń ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé àwa ọdẹ a máa jẹ obì bí a bá ń ṣọdẹ òru, kí oorun má baà kùn wá kí a sì já bọ́ láti orí igi. Ìgbà tí a bá ń ṣọdẹ nìyẹn o. Ọdẹ́rìndé ní tirẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin oko ọdẹ àti ilé. Obì ló fi ń ṣínu láàárọ̀, obì ló fi ń fọnu lọ́sàn-án, bó bá sì dùbúlẹ̀ lálẹ́, ẹ ó máa gbọ́ ọ lórí ẹní, kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí òkété nínú ihò. Yóò wá yí síhìn-ín, yóò yí sọ́hùn-ún. Yóò rántí ẹni tó bú u lọ́dún tó kọjá, yóò sì máa dá a lóhùn nínú òkùnkùn. Ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń ki ara wọn pé ṣé wọ́n jí ire, ìgbà yẹn ni ọ̀gbẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hanrun. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ yóò pè é títí, yóò fi abọ́ lu abọ́ lẹ́bàá etí rẹ̀. "Ó kù díẹ̀," ni yóò wí, yóò sì fi aṣọ borí.

Ṣé ó wá ro ara rẹ̀ wò? Ó tì o! Ó ní àwọn ayé ló jí oorun òun gbé. Ó ní ìyàwó bàbá òun ló dì í mọ́nú ìkòkò tó rì í mọ́lẹ̀. Obìnrin yẹn, tí kò ní ju ewúrẹ́ rẹ̀ lọ láyé, kí ni yóò fi oorun Ọdẹ́rìndé ṣe?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìbọn, ó wọ́ ara rẹ̀ wọ oko àgbàdo kan lọ, ojú rẹ̀ wúwo débi pé ó ń fi ọwọ́ gbé ìpéǹpéjú sókè. Ó rí nǹkan dúdú kan tó lóṣòó láàrin ewé. Ó ní ẹtu ni. Ó yìnbọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, Olúọ́dẹ ni o, olórí gbogbo ọdẹ ìlú, tó ń gbọnsẹ̀ jẹ́jẹ́ rẹ̀! Ìbọn gbé fìlà lọ lórí rẹ̀. Olúọ́dẹ fò dìde, ó sáré dé àárín ọjà kó tó rántí pé òun ti fi sòkòtò sílẹ̀ lóko.

Àwọn ọdẹ pé jọ. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé, wọ́n sì gbé e kọ́ ara ògiri nílé Olúọ́dẹ. Ìbọn náà ni ohun kan ṣoṣo tí Akínlàbí fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó ń kú lọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọ́ ni Ọdẹ́rìndé ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò ní bá ẹ jiyàn púpọ̀," ni Olúọ́dẹ wí. "Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún Ògún, kí oòrùn tó yọ, kí n bá ẹ níwájú ojúbọ, kí ojú ẹ dá ṣáṣá. Bó o bá wà níbẹ̀, o gba ìbọn bàbá ẹ. Bí oòrùn bá ṣáájú ẹ débẹ̀, mà á gbé e fún ẹlòmíì, wàá sì máa fi òkúta lé ẹyẹ lóko ìyàwó ẹ títí wàá fi kú."

Ọdẹ́rìndé délé, ó di ẹrù. Ó ní òun ń lọ sí igbó Oorun, níbi tí Oorun fúnra rẹ̀ ti ń jọba, òun ń lọ gba ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ òun.

"Baálé mi," ni Àwẹ̀ró wí, "ṣé kì í ṣe obì yẹn ló ń lé oorun lójú yín?"

Ọdẹ́rìndé pòṣé. "Ọ̀rọ̀ ayé là ń sọ, ìwọ ń sọ̀rọ̀ obì." Ó sì ki obì kún inú àpò rẹ̀ fún ìrìn-àjò. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ó ń lọ sílé Oorun, obì ló gbé dání.

Mi ò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Ó rìn, ó dé ẹnu ibodè igbó náà. Arúgbó obìnrin kan ló ń ṣọ́ ọ, ojú sì wà káàkiri ara rẹ̀, ní èjìká, ní ìgbọ̀nwọ́, ní orúnkún. Bí ìdajì àwọn ojú náà bá ń sùn, ìdajì yòókù a máa ṣọ́nà, wọ́n á tún pààrọ̀ iṣẹ́ láìbá ara wọn jà. Arúgbó náà ní kò sẹ́ni tó ń kọjá láìdáhùn ìbéèrè òun.

"Ohun kan wà," ni ó wí. "Bí o bá ń lé e, yóò máa sá. Bí o bá jókòó jẹ́ẹ́ tí o kò pè é, yóò wá fúnra rẹ̀, yóò gùn ọ́ lójú. Kí ni?"

"Ẹtu ni!" ni Ọdẹ́rìndé ké.

Gbogbo ojú tó ń sùn lára arúgbó náà là lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. "Níbo ni ẹtu ti ń gun ènìyàn lójú?"

"Ẹtu abàmì ni, ìyá."

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. "Kọjá. Ìtorí olè ni wọ́n ṣe fi mí ṣọ́ ibí, irú tìẹ ò sì lè jí nǹkan kan lọ. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pàápàá, o ò ní mọ̀ ọ́n."

Ọdẹ́rìndé wọlé tayọ̀tayọ̀. Ó ní ẹ̀rù òun ló ba arúgbó.

Ìlú tó kọ́kọ́ dé ń jẹ́ Lajúkalẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sùn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń dìde lórí ibùsùn. Orí ibùsùn ni wọ́n ti ń jẹ iyán, orí ibùsùn ni wọ́n ti ń tajà, orí ibùsùn ni ọba wọn ti ń dájọ́. Olúkúlùkù wọn gbé dígí pẹlẹbẹ kan dání tó ń tàn yòò sí i lójú. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò ti ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè, wọ́n ń bú ẹni tí wọn ò rí rí, ẹni yẹn náà ń bú wọn padà láti orí ibùsùn tirẹ̀. Bí oorun bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ dígí á gún un lójú, oorun á sì padà. Kí ló dé tí ẹ ń wo ara yín? Mo mọ ohun tó wà nínú àpò yín.

Ọdẹ́rìndé bi ọkùnrin kan léèrè pé ìgbà wo ló sùn kẹ́yìn.

"Mo ti fẹ́ẹ́ sùn báyìí," ni ọkùnrin náà wí láìgbójú sókè. "Mo kàn fẹ́ wo èyí tán ni."

"Kí lo ń wò?"

"Mi ò mọ̀."

Wọ́n fún Ọdẹ́rìndé ní ibùsùn tirẹ̀. Bó ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ibùsùn náà dì í mú gírígírí, ó sì la ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí lo bá wá? Ẹjọ́ ni, àbí oúnjẹ, àbí ìjà?"

"Oorun ni," ni Ọdẹ́rìndé wí.

Ibùsùn náà rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń gbọ̀n. "Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọn ò mú un wá sọ́dọ̀ mi rí. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe lórí mi ni mo mọ̀. Wá, ká ṣẹjọ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ìjà tí Ọdẹ́rìndé ti jà láyé. Ó fi ohùn ìyàwó bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó fi ohùn àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó fi ti ẹni tó bú u lọ́dún tó kọjá kún un. Ọdẹ́rìndé ń dá wọn lóhùn, ó ń bú, ó ń búra, títí ohùn fi há mọ́ ọn lọ́fun. Ibẹ̀ ni ìbá kú sí. Ìgbà tí àárẹ̀ mú un ló fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ láti lọ mu omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀ tán tí ibùsùn fi tú u sílẹ̀, nítorí kò lágbára kankan lórí ẹni tó bá dìde. Ó jáde, ó jókòó jẹ́ẹ́ lórí òkúta kan lẹ́yìn ìlú, kò sí ẹjọ́, kò sí dígí. Kó tó pẹ́, oorun gbé e lọ.

Ẹni tó bá lọ́gbọ́n ìbá ti kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ọdẹ́rìndé ní oògùn wà nínú òkúta náà, ó sì fọ́ díẹ̀ sínú àpò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè dìde. Iwin kan ti na ara rẹ̀ lé e láyà, ó sanra, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ohùn rẹ̀ sì dùn. Orúkọ iwin náà ni Ó-Kù-Díẹ̀. Ọdẹ́rìndé tó ti gbá ẹkùn létí rí, kò lè gbé ọwọ́ òwú kúrò lọ́rùn ara rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ mira, iwin náà á ní, "Ó kù díẹ̀, ọmọ dáadáa. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán." Á sùn díẹ̀ sí i, á jí, ara rẹ̀ á tún wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Koríko hù gba àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Eèrà kọ́lé sínú fìlà rẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì gbéyàwó. Ó ń rántí ìbọn bàbá rẹ̀ lára ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń bá iwin náà wí i pé ó kù díẹ̀.

Níkẹyìn eèrà kan bù ú jẹ níbi tí mi ò ní dárúkọ. Ó ta pàrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ta gìrọ́ bọ́ sínú oòrùn àárọ̀, iwin náà sì dì mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ìmọ́lẹ̀ ti kàn wọ́n lójú, Ó-Kù-Díẹ̀ yọ́ bí òrí, ó ṣàn wọ inú koríko lọ. Ojú Ọdẹ́rìndé dá ṣáká. Ó lu àyà, ó ní agbára Akínlàbí bàbá òun ló ṣiṣẹ́. Oòrùn tó ṣiṣẹ́ kò gba ẹ kú iṣẹ́ kankan lẹ́nu rẹ̀.

Báyìí ló dé ààfin ọba Oorun. Inú ààfin náà tutù, ó dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí àtùpà. Ẹní mímọ́ ló wà nílẹ̀, wọn ò fi nǹkan mìíràn kún yàrá náà. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, wọ́n jí oorun mi gbé. Ẹ dárúkọ ẹni tó jí i fún mi, kí n lọ fojú rẹ̀ rí màbo."

Ọba wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Tú àpò rẹ."

Ó tú u. Obì yí káàkiri ilẹ̀ ààfin, òkúta bọ́ tẹ̀ lé e.

"Ta ní ń jẹ èyí?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ọdẹ ni mí. Obì ni kì í jẹ́ kí oorun kun ọdẹ."

Àwọn ará ààfin bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu.

"Tún un wí," ni ọba wí.

"Obì ni kì í jẹ́ kí oorun kun ọdẹ."

"O gbọ́ ara rẹ?"

"Mo gbọ́ dáadáa, Kábíyèsí. Ta ló wá jí oorun mi?"

Ọba pòṣé, àwọn òpó ààfin mì. "Alaalẹ́ ni mò ń wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ, ìwọ aláìlójútì yìí. N ó bá ọ tí o ń rún obì, tí o ń bá ìyàwó bàbá rẹ jà, obìnrin yẹn á sì ti sùn fọnfọn nílé rẹ̀. Ṣé èmi ọba ni n ó máa dúró títí o ó fi jà tán? Gbọ́. Má jẹ obì mọ́ bí ọ̀sán bá ti pọ́n. Má gbé iyán lé ikùn kí o wá gbé ikùn lé ẹní. Ní àkókò kan náà ni kí o máa wọlé lójoojúmọ́, torí èmi kì í ṣe alárìnkiri tí yóò máa wá ọ kiri. Pa àtùpà. Bọ́ ìjà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà rẹ. Bí mi ò bá tètè dé, má ṣe dùbúlẹ̀ máa ṣọ́ mi, dìde, lọ jókòó níbòmíràn títí ojú rẹ yóò fi wúwo. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ láàárọ̀, ẹsẹ̀ ni kí o fi dáhùn, má fi ẹnu dáhùn. Gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí o jáde lọ pàdé oòrùn."

Ojú Ọdẹ́rìndé fà ro. "Ṣé kò jù báyìí lọ? Èyí tí ìyá mi àgbà ti ń sọ láti kékeré mi?"

"Kí ló dé tí o kò ṣe é?"

"Kì í ṣe oògùn ni, Kábíyèsí."

Ọba di ojú, ó ti sú u. Lẹ́yìn náà ó pe ìránṣẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ìránṣẹ́ náà gbé àdó kékeré kan wá tí wọ́n fi aṣọ pupa dì lẹ́nu.

"Oògùn nìyí," ni ọba wí. "Abẹ́ ìrọ̀rí ni kí o máa fi sí. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀. Gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sílẹ̀ fún ọ yìí ni èèwọ̀ rẹ̀. Bí o bá da ọ̀kan nínú wọn, àdó yóò bàjẹ́, o ò sì ní fojú kan oorun mọ́ láyé."

Ẹ bá rí inú Ọdẹ́rìndé bó ṣe dùn! Ó yí gbiri nílẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì sáré relé.

Ohun tí ó pè ní ọ̀rọ̀ ìyá àgbà lánàá wá di ohun tí ó ń gbọ̀n fún. Àlejò gbé obì kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó fò dìde bí ẹni rí ejò. Wọ́n gbé iyán alẹ́ dé, ó ní kí wọ́n gbé e fún ajá. Ìyàwó bàbá rẹ̀ bú u nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín dọ̀la, èèwọ̀ àdó mi ni." Oorun sì ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí Àwẹ̀ró bá ki í ní "Àjàgbé" lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kanlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọdún dé. Gbogbo ọdẹ pé sílé Olúọ́dẹ láti ṣàìsùn, obì kún àwo, ẹmu kún agbè, wọ́n ń fọ́nnu. Ọdẹ́rìndé ní kí wọ́n dákun, òun ń lọ sùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Ìdájí ló ti dúró níwájú ojúbọ, ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Kò rí ẹnì kankan. Ó dúró, ó dúró, ìlà oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bí àwọn ọdẹ ò bá jí títí oòrùn fi yọ, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Wọn á ní òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ìbọn Akínlàbí á sì lọ. Ó sáré lọ sílé Olúọ́dẹ. Gbogbo ọdẹ ìlú ló sùn gbalaja káàkiri ilẹ̀, obì ṣì wà lẹ́nu ẹlòmíràn. Olúọ́dẹ náà wà lórí ibùsùn lábẹ́ ìbọn tó fi kọ́.

"Bàbá, oòrùn fẹ́ yọ o!"

Olúọ́dẹ fa aṣọ borí. "Ó kù díẹ̀," ni ó wí.

Ọdẹ́rìndé fò sẹ́yìn. Ó búra fún mi pé òun rí ọwọ́ òwú kan láyà bàbá náà. Ó na ọwọ́ sókè, ó mú ìbọn bàbá rẹ̀ lára ògiri, ó kì í, ó jáde sí gbàgede, ó sì yìn ín sí ojú ọ̀run. Àwọn ọdẹ ta gìrì, wọ́n ń kọlu ara wọn. Olúọ́dẹ náà sáré jáde, fìlà rẹ̀ tún bọ́, ó sì bá Ọdẹ́rìndé tó na ọwọ́ sí ibi tí etí oòrùn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. "Ìbọn ẹ nìyẹn," ló pàpà wí.

Ni gbogbo wọn bá yí i ká pé àfi kó fún àwọn nínú oògùn rẹ̀. Orí Ọdẹ́rìndé wú, ó yọ àdó lápò, ó tú aṣọ pupa, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ Olúọ́dẹ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fi ojú kan wo inú rẹ̀. Òfìfo ni.

Àwẹ̀ró wà láàrin àwọn tí ìró ìbọn kó jáde. "Baálé mi," ni ó wí, "ṣé mo lè wá sọ̀rọ̀ obì báyìí?"

Ìtàn mi tán. Oòrùn ti ń wọ̀, èmi ń relé lọ sùn. Àdó Ọdẹ́rìndé nìyí lọ́wọ́ mi, èmi ló fún kó tó kú. Ẹ wo ara yín! Mo wà níbí láti ọ̀sán, mo ní kí ẹ tu obì ẹnu yín sílẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, kò sẹ́ni tó mira. Mo fa àdó òfìfo yọ, gbogbo yín na ọwọ́.